Kò Tíì Mú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ọ̀bẹ gígùn yọ̀ lára kábéèjì lónìí, ó sì gé ìka ìyàwó mi, ìyá wọn. Kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Mo wá aṣọ funfun, mo fi dì í. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ̀ ń mí gúlegúle, àfi bí ẹni pé ẹ̀yin ni ọ̀bẹ gé." Mo ní kí ó jókòó. Ó ní ọbẹ̀ wà lórí iná.

Ọ̀bẹ náà ti kú. Òkúta tí mo fi ń pọ́n ọ̀bẹ ilé yìí kò ní àbùkù kankan, ọwọ́ mi ni ó ń gbọ̀n. N kò lè gbé ọ̀bẹ ní gẹ̀rẹ̀ kan náà, bí ó ṣe yẹ kí ó dagun sórí òkúta, láti ìdí dé orí mọ́. Bí mo ṣe ń pọ́n ọn ni mo ń ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Àkọ́bí wa pè ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ti rò fún un kí fóònù tó kàn mí. Obìnrin yìí kò mọ bí a ṣe ń bo nǹkan. Ọmọ náà ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò kì í tètè jinná lára wọn. Tí ọ̀bẹ bá tún gé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, màá wá kó wọn sọ́dọ̀ mi. Ẹni tó ń se oúnjẹ wà nílé mi. Wọn ò ní fọwọ́ kan ọ̀bẹ mọ́."

Ọmọ yẹn kì í halẹ̀ lásán. Ìyá wọn ni ọ̀gá ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀, títí ó fi fẹ̀yìntì. Kí a wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sí pálọ̀ ẹlòmíràn kí ó máa wo tẹlifíṣọ̀n? Kò ní pẹ́ tí yóò fi kú. N kò sọ ọ́ síta. Mo ní a ti gbọ́.

Ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀. Kò rọ̀, kò sì là. N kò fẹ́ràn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ti Ìyá Ìṣó, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ tí mo ti ṣe akọ̀wé. Mo ti rò ó láti àná pé bí ọwọ́ mi kò bá lè di gẹ̀rẹ̀ mú mọ́, nǹkan kan ní láti wà tí yóò bá a dì í mú.

Ìyá Ìṣó ní, "Bàbá, oríṣi mẹ́ta ni ẹ̀rọ ìpọ́n-ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ mi. Ti ọ̀lẹ wà, ti onísùúrù wà, ti olówó náà wà."

"Èwo ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n?"

Ó wo ọwọ́ mi. "Gbogbo wọn ni. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Ẹ̀rọ ló máa di ọ̀bẹ mú, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ti ọ̀lẹ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, èèkù wà lára rẹ̀, ihò méjì wà lójú rẹ̀ tí a ó máa fa ọ̀bẹ gbà kọjá. Ti onísùúrù ni ẹnu irin tí ó gbá ẹ̀yìn ọ̀bẹ mú, àti ọ̀pá gígùn kan tí ó gbé òkúta pẹlẹbẹ; ibi tí a bá gbé ọ̀pá náà sí ni gẹ̀rẹ̀ yóò wà, kò ní yẹ̀. Ti olówó ni búlọ́ọ̀kù igi tí òòfà wà nínú rẹ̀. Ọ̀bẹ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ojú rẹ̀ yóò kọ sókè, a ó sì máa yí nǹkan kan bí agolo kékeré lọ yí i bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gẹ̀rẹ̀ méjì péré ni ó ní.

Mo ra ti ọ̀lẹ. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ kí n tó dé ilé. Tòmátò ti tún gbówó lórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo fa ọ̀bẹ gígùn gba inú rẹ̀. Ó ń han gooro bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò, eruku irin sì ń dà sórí tábìlì. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo nu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta kí eruku náà má baà bá wa wọnú oúnjẹ.

Mo gbé ọ̀bẹ fún ìyá wọn. Ó ṣe é bí ó ti máa ń ṣe é nílé ìdáná wọn, nígbà tí àwọn olùrànlọ́wọ́ yóò tò síwájú rẹ̀ láàárọ̀, kálukú pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé àlùbọ́sà kan kí àtàǹpàkò rẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò rìn lórí ojú ọ̀bẹ jẹ́jẹ́ láti ìdí dé orí.

"Kò mú."

Káfíńtà, aládùúgbò wa, yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn. Ó ní, "Akọ̀wé, ayùn lo ṣe yìí o. Wo ẹyín tó hù lẹ́nu ọ̀bẹ. Bóyá kí n gbé pákó wá?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mo kó ẹ̀rọ ọ̀lẹ sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìka ìyá wọn tí ọ̀bẹ gé kò tíì jinná. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì lónìí, ó ní kí n yé wo òun bí ẹni ń wo ẹyin lábẹ́ adìyẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti ra ti onísùúrù. Ó dùn mí lápò, n kò fẹ́ sọ iye rẹ̀.

Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń tò ó nílé ìdáná. Súkúrù mẹ́rin ni a fi ń de ìdí rẹ̀ mọ́ pákó, kí gbogbo rẹ̀ má baà mì. Wọ́n kúrú, ẹnu wọn sì mú bí abẹ́rẹ́. Mo de mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ọ tí ó ta lórí táìlì lẹ́ẹ̀kan, n kò sì gbọ́ ọ mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mo wo abẹ́ sítóòfù, mo gbá gbogbo ilẹ̀. Kò sí. Ìyá wọn ń fò mí kọjá láti lọ ro ọbẹ̀.

"Bàbá wọn, kí lẹ̀ ń wá?"

"Súkúrù."

"Ẹ̀rọ náà dúró àbí kò dúró?"

"Ó dúró. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n ní."

"Ẹ dìde nílẹ̀, orúnkún yín á sọ̀rọ̀ lọ́la."

Mo dìde. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n ní.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti mọ̀ ọ́n lò. Káfíńtà ni ó kọ́ mi pé kí n fi báírò dúdú kun ẹnu ọ̀bẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí òkúta bá ti fọwọ́ kàn, dúdú náà yóò lọ. Ibi tí ó bá kù, ibẹ̀ ni òkúta kò dé. Mo gbé ọ̀pá sókè díẹ̀, mo tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí dúdú náà fi lọ pátá láti orí dé ìdí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ọ̀pá kò gbọ̀n. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi.

Káfíńtà fi ọ̀bẹ náà fá irun ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ́ bí ojú ọmọdé. Ó ní, "Akọ̀wé, o ti di oníṣòwò. Pàtẹ síta."

Ìyá wọn gbà á, ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò rìn ín.

"Kò mú."

"Ìyàwó wa, irun ọwọ́ mi ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí o!"

"Irun ọwọ́ yín ti gbó. Òun fúnra ẹ̀ ti ń wá ibi tó máa bọ́ sí."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Káfíńtà lọ, mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, ojú mi kò kúrò lára ihò kẹrin tí kò ní súkúrù. Káfíńtà mọ igi, n kò bá a du ìyẹn. Ìyá wọn ni ó mọ ọ̀bẹ. Bí ó bá ní kò mú, kò mú ni. Ìdí ẹ̀rọ náà ń mì, bí ojú mi kò tilẹ̀ rí i. Mo tún kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò, láti ìdájí. Nǹkan kan ń dún nílé ìdáná, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń fi ìṣó kan ilẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ omi, ó ṣì ń dún. Mo dé ibẹ̀ láti tẹ́tí, ó dákẹ́. Ìyá wọn nìkan ni mo bá, ó jókòó ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má jẹ́ páìpù ni ó fẹ́ bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ìyá Ìṣó yá mi ní ti olówó kí n fi dán an wò. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ ń wá ọ̀bẹ tó máa gé òkúta ni?" Mo ní ìyàwó mi ni kò gbà. Ó ní, "Ẹ gbé Màmá wá kí n fi wọ́n ṣe ọ̀gá níbí."

Ó rọrùn lóòótọ́. Òòfà gbá ọ̀bẹ mú pinpin, mo sì ń yí agolo náà lọ yí i bọ̀ bí ọmọdé tó ń fi mọ́tò ṣeré. N kò ní súkúrù tí mo ń ronú sí. Ọ̀bẹ kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ṣe ti búrẹ́dì, mo wá ṣe ọ̀bẹ gígùn. Tòmátò kan bọ́ lé ọ̀bẹ kékeré lórí láti ọwọ́ mi, ó sì là sí méjì fúnra rẹ̀. Mo pe ìyá wọn kí ó wá wò ó.

Ó ní àlàyé tòmátò kò kan òun. Ó gba ọ̀bẹ, ó fi àtàǹpàkò rìn ín. Ó tún rìn ín. Ó fa ojú ro, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mọ ohun tó pa mọ́.

"Bàbá wọn, ọ̀bẹ tó bá mú, ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó sọ̀rọ̀ nínú wọn."

Nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́ kọ. Ó fi ọwọ́ lásán ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó lórí iná, ó dì í mú, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ, kò yára gbé e sílẹ̀. Mo pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin àti ariwo! Ọwọ́ alásè ni." Lóòótọ́, ọwọ́ alásè yàtọ̀ sí tiwa. Ó tún wọ ìbọ̀sẹ̀ mọ́ sílípáàsì, ó ní ẹsẹ̀ òun ń tutù. Òjò yìí náà ni.

Òórùn kan wà nínú ilé. Eku ti kú síbì kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Èmi àti Káfíńtà fa kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná kúrò lára ògiri. A bá bọ́tìnnì méjì, ìwé owó iná ọdún tó ti pẹ́, àti ṣíbí tí ìyá wọn ti torí rẹ̀ bá ọmọ-ọ̀dọ̀ kan jà nígbà kan. A kò bá eku. A kò bá súkúrù.

Káfíńtà ń fa imú. "Akọ̀wé, kò jọ eku. Eku máa ń rùn lójú kan. Èyí ń rìn."

Mo ní kí ó yé dẹ́rù bà mí.

"Mi ò dẹ́rù bà ẹ́. Láàárọ̀, pálọ̀ ló wà. Ní báyìí, ibí ló wà."

Ìyá wọn wọlé, ó ní kí a dá kọ́bọ́ọ̀dù òun padà kí òun rí ibi gbé ìkòkò sí. Nǹkan náà ń dún kọ́, kọ́ lábẹ́ ilẹ̀ bí ó ti ń bá wa jà. Mo fi ẹsẹ̀ wá ibi tí páìpù gbà.

Lọ́sàn-án, mo rí pupa lára kábéèjì tó gé. Mo ní kí ni? Ó ní omi tòmátò ni. Tòmátò tó wọ́n báyìí, tí a kò rà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò bá a jiyàn. Àbí èyí tó là sí méjì lọ́jọ́sí ni ó kù?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo ti dá ti olówó padà. Ti onísùúrù náà ni mo padà sí, nítorí pé òun ni mo lè sọ gẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ bí mo ṣe fẹ́. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ gidigidi. Ìyá Ìṣó tà mí ní òkúta tó kúnná jù, ó dàbí dígí lọ́wọ́, àti awọ tí a fi ń dán an lẹ́yìn náà. Gbogbo ọ̀bẹ tí a ń lò nílé yìí ni mo ti pọ́n. Ojú wọn ti tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fẹ́ wò wọ́n tààrà. Mo fi wọ́n sínú dúrọ́ọ̀, mo yọ wọ́n, mo gbé wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo tún rò ó pé wọ́n lè jábọ́ lé ènìyàn lórí, mo dá wọn padà sínú dúrọ́ọ̀.

Àkọ́bí ní òun ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta láti wá wo ọwọ́ ìyá òun. Ìka náà kò tíì jinná.

Òórùn náà ti pọ̀ sí i. Mo ra òògùn eku.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kí n kọ ọ́ nísinsìnyí, nítorí bí n kò bá kọ ọ́ báyìí, n kò ní lè kọ ọ́ mọ́.

Láàárọ̀, mo gbé ọ̀bẹ gígùn fún un lẹ́bàá fèrèsé. Òjò ti dá, ìmọ́lẹ̀ wà dáadáa. Tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò láti mọ ìdájọ́. Lónìí ọ̀bẹ ni mo ń wò, torí mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe. Ó di ojú. Ó gbé àtàǹpàkò lé ojú ọ̀bẹ, ó fi ń rìn jẹ́jẹ́. Ìlà pupa kan sì ń tẹ̀ lé àtàǹpàkò náà lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ sàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń kán sórí aṣọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

Ó ní, "Ó ku díẹ̀. Kò tíì mú."

Mo gba ọ̀bẹ. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ wò. Àwọn ìlà wà lára àtàǹpàkò náà, wọ́n gba orí ara wọn kọjá, àwọn kan ti dúdú, àwọn kan ṣì pupa. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo gbé wọlé ni ó wà níbẹ̀.

"Kí ló dé?" Ó la ojú.

"Wo ọwọ́ rẹ."

Ó wò ó. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. "Ìgbà wo ni?"

"Nísinsìnyí. O ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀." Ó fi àtàǹpàkò kan ìka, ó tún fi kàn án, bí ẹni ń wá ojú owó ẹyọ nínú òkùnkùn. "Mo rò pé àwọn ọ̀bẹ yẹn kàn máa ń ha mí díẹ̀ ni. Mo rò pé ọ̀bẹ ni kò dáa."

Mo rántí ìdérí ìkòkò. Mo rántí ìbọ̀sẹ̀. Mo ní kí ó bọ́ ọ.

"Bàbá wọn, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Bọ́ ọ, mo bẹ̀ ọ́."

Ó ń wojú mi bí ó ti ń fa ẹsẹ̀ yọ nínú sílípáàsì. Mo gbé sílípáàsì náà láti sún un kúrò lọ́nà, nǹkan kan sì ṣá mi lọ́wọ́. Súkúrù kẹrin. Ó ti gun ìdí rọ́bà náà wọlé láti ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ yọ sókè nínú. Orí rẹ̀ ti ń dán nítorí pé ó ti ń fi í rìn lórí táìlì. Kọ́, kọ́, kọ́.

Nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ kúrò, òórùn náà kún inú ilé. Ìyá wọn wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sunkún. Ó kàn ní, "Háà. Ara mi nìyí?"

Bí mo bá pe Àkọ́bí, ilé ìdáná yìí ti parí fún un. Ó mọ ohun tí mo ń rò, ó di ọwọ́ mi mú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì kùn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ ná. Ó lè lọ."

Mo pè é.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti dá a dúró nílé ìwòsàn. Dókítà mú irun búrọ́ọ̀ṣì kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, ó ń fi kan ìka ẹsẹ̀ àti ìka ọwọ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ní kí ó di ojú kí ó máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" bí ó bá gbọ́ ọ. Ìyá wọn di ojú bí ó ti máa ń di í fún ọ̀bẹ. Dókítà ń kàn án, ó ń kàn án. Gbogbo wa ń dúró de "bẹ́ẹ̀ ni".

Lẹ́yìn náà, ní kọ́rídọ̀, Àkọ́bí ní kí n rò ó fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò ó. Nígbà tí mo dé ibi òórùn, ó dá mi dúró.

"Ẹ ní kí lẹ ṣe?"

"A fa kọ́bọ́ọ̀dù."

"Bàbá mi. Ẹ̀ ń wá eku?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ohun tó ń dún.

Mo ka ìwé tó bá ẹ̀rọ onísùúrù wá, tí n kò kà dé òpin tẹ́lẹ̀ nítorí pé mo ní àtàǹpàkò tó ju ìwé lọ. Ó ní kí a fi bébà dán ọ̀bẹ wò. Ọ̀bẹ àtijọ́ kan tí a kì í lò wà ní ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, tí mo pọ́n pẹ̀lú ọ̀bẹ gígùn ní ọjọ́ kẹrìnlá, tí n kò fọwọ́ kàn mọ́ láti ìgbà náà. Mo di ìwé ìròyìn mú lẹ́nu kan, mo gbé ọ̀bẹ lé e. Bébà náà là wálẹ̀ láìdún.

Ó ti mú láti ọjọ́ kẹrìnlá. Súkúrù mẹ́ta tó o. Ẹ̀kẹrin tí mo ń wá kiri kò ṣe ọ̀bẹ ní nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Wọ́n gé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún. Dókítà ní bí ó bá dúró níbẹ̀, kí a dúpẹ́. N kò fẹ́ràn "bí".

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó ní, "Ṣé ọ̀bẹ tiwọn mú?"

Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bi wọ́n léèrè ta ló ń pọ́n ọn fún wọn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìyá wọn sì ní kí n jáde bí n kò bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ìyá wọn ti wà lọ́dọ̀ Àkọ́bí. Mo ti palẹ̀ ilé mọ́, èmi náà ń lọ lọ́la. Káfíńtà yóò máa wo ẹnu ọ̀nà. Ó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ gbé lọ, mo ní aṣọ, òògùn, ọ̀bẹ gígùn, ẹ̀rọ onísùúrù. Ó wò mí. "O ṣì ń pọ́n ọ̀bẹ?" Mo ní ọ̀bẹ tó kú ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bá mi de súkúrù kẹrin mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ mì ín wò, ó sì fi aṣọ wé e.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ilé Àkọ́bí mọ́ tónítóní. Ìyá wọn jókòó sí pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí tìmùtìmù, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀. Ó ti rù. Obìnrin tó ń se oúnjẹ wọn ń gé àlùbọ́sà nílé ìdáná, a ń gbọ́ ọ. Ìyá wọn ń gbọ́ ọ ju gbogbo wa lọ.

Ó ní, "Ọ̀bẹ yẹn ti kú. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lu pákó. Ó ń tẹ àlùbọ́sà pa ni."

Àkọ́bí ní, "Màmá, ẹ sinmi."

"Mo ti sinmi láti ọjọ́ tí mo ti dé. Bàbá wọn, ọ̀bẹ mi dà?"

Mo wo Àkọ́bí. Ó ní, "Bàbá mi ló máa dì í mú. Màmá ò ní fọwọ́ kàn án. Kí n má bá a lọ́wọ́ yín o, Màmá."

A gbé tábìlì kékeré kan àti àlùbọ́sà kan síwájú rẹ̀. Mo tú ọ̀bẹ gígùn kúrò nínú ìwé ìròyìn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti na ọwọ́, ojú rẹ̀ ti dì, àtàǹpàkò rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé ti ń bọ̀. Mo gbé ọwọ́ tèmi sí àárín. Àtàǹpàkò rẹ̀ bà lé èékánná mi, tèmi bà lé ojú ọ̀bẹ.

Ó la ojú. Ó rí i pé ọwọ́ mi ni. Kò yọ tirẹ̀ kúrò.

"Ṣé ó mú?" Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò bi mí ní ìbéèrè yìí rí.

Mo rìn ín díẹ̀. Ó ta mí. Irora kékeré kan, ó mọ́ kedere. "Ó mú."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dùn mí."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ là á sí méjì. Kì í ṣe báyẹn, Bàbá wọn! Ẹ ká ìka yín sínú. Ta ló kọ́ yín? Àkọ́bí, wá wo bí bàbá ẹ ṣe di àlùbọ́sà mú, àfi bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ."

Àkọ́bí rẹ́rìn-ín, ó sì lọ pa tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò. Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun ni dókítà fẹ́ wo ẹsẹ̀ kejì, ó ní àwọ̀ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà kò wu òun. Ìyá wọn ní kí á má sọ ọ́ lórí oúnjẹ.

Ó fẹ́ lọ wo ilé ìdáná. Mo gbé sílípáàsì rẹ̀ tuntun, mo gbọ̀n ọ́n, mo fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ dé orí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó na ẹsẹ̀, ó ń dúró.

Mo tún gbọ̀n ọ́n.